Igbó Inú Ọ̀rá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó máa ṣe é lọ. Etí yín nìkan ni mo fẹ́ yá. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín, ìtàn igbó kan ni, igbó tó lè wà níbí láàárọ̀ kó sì ti dé ibòmíràn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má bẹ̀rù o, kò sí iwin kankan níbẹ̀. Máníjà kan ló wà níbẹ̀, ohun tí máníjà yẹn sì ṣe, iwin tó bá nítìjú kò ní ṣe é.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń wa jípúsọ́mù. Ẹni tí kò bá mọ jípúsọ́mù, kó gbójú sókè wo àjà ilé àwọn olówó: nǹkan funfun tí wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n tún máa ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, òun náà ni. Òkúta ni lóòótọ́, àmọ́ òkúta tó rọ̀ débi pé èékánná ń họ ọ́. Kò sì jìn nílẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ló wà lókè pátápátá, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Amọ̀ pupa ló tẹ̀ lé e, ó ga tó ènìyàn méjì tí ọ̀kan gun èkejì léjìká. Abẹ́ amọ̀ yẹn ni òkúta funfun náà sùn sí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà wọn kì í gbẹ́ ihò wọnú ilẹ̀ lọ. Ńṣe ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀ lójú, abala kan lẹ́yìn òmíràn.

Bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ náà lọ kò le rárá. Wọ́n á họ ilẹ̀ dúdú Abala Kìíní, wọ́n á kó o sọ́tọ̀. Wọ́n á wa amọ̀ rẹ̀, wọ́n á kó òkúta rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ṣí Abala Kejì, amọ̀ Kejì ni wọ́n á fi dí kòtò Kìíní, wọ́n á wá da ilẹ̀ dúdú padà lé e lórí, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kòtò kan ṣoṣo ni yóò máa la ẹnu sílẹ̀ nígbàkigbà, ẹni tó ni ilẹ̀ á sì padà sí oko rẹ̀. Ọmọdé tó ń ṣeré nínú iyanrìn lè ṣe é. Máníjà ni kò lè ṣe é.

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ náà tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Erùpẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ilẹ̀ dúdú tí wọ́n bá họ. Ó ní ọ̀pá kan tó ga dé àyà rẹ̀, òkìtì erùpẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ ga ju ọ̀pá yẹn lọ. Á ní, "Ilẹ̀ ń mí. Tẹ́ ẹ bá kó o jọ gègèrè, èyí tó wà nísàlẹ̀ á kú. Ekòló inú ẹ̀ á kú, irúgbìn inú ẹ̀ á kú, eruku lásán lẹ máa dà padà fún onílẹ̀." Ó fọ́n ẹ̀wà sórí àwọn òkìtì náà kí òjò má baà wọ́ wọn lọ. Bí katapílà bá sì ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ kan gun òkìtì rẹ̀, á bú awakọ̀ náà títí kan okùn bàtà rẹ̀.

Kì í ṣe nítorí owó oṣù nìkan o. Abala Kìíní yẹn, oko bàbá rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń dá a. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wá bèèrè ilẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n yìí kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ wa iwájú ilé bàbá tiwọn. Ìyá Erùpẹ̀ ló lọ kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ fún wọn, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n máa dá a padà kí òjò ọdún kẹta tó dá. Èmi fúnra mi ni máa ṣọ́ erùpẹ̀ ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ ni mo fún o. Mi ò mọ ilé iṣẹ́ kankan. Ọwọ́ ẹ ni mo ti máa gbà á."

Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn kò sì ṣòro lóye. Ní òpin ọdún kẹta, olùbẹ̀wò ìjọba á wá wo ilẹ̀ náà. Tó bá ti fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ṣọ́bìrì erùpẹ̀ kan mọ́. Bó jẹ́ amọ̀ lásán ló fọwọ́ sí, amọ̀ lásán ni ẹ̀gbọ́n á máa fi ọkọ́ họ títí ayé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti máníjà fún yín. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀gá Ewé. Ọjọ́ tó dé, kò bèèrè òkúta, kò bèèrè ènìyàn, ọ̀dà ló bèèrè. Ó kun géètì ní àwọ̀ ewé. Ó kun àwọn dúrọ́ọ̀mù. Ó kun akoto gbogbo òṣìṣẹ́, ó kun ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ náà ń tún ayé ṣe. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù débi pé akọ̀wé rẹ̀ ń wọ súwẹ́tà. Lára ògiri níbẹ̀ ni ó gbé ètò iṣẹ́ kọ́ sí, ìwé ńlá kan tó gùn ju tábìlì lọ, tó fi àwọ̀ ewé kùn: Abala Kìíní, ewé, Abala Kejì, ewé, Abala Kẹta, ewé. Gbogbo wọn ti di igbó lórí ìwé kí katapílà tó kan wọn rárá. Bó bá di ọ̀rọ̀ "ìwakùsà tí kì í ba ayé jẹ́," Ọ̀gá Ewé lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán láìmu omi. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń wa òkúta ni, ì bá ti já sí òdìkejì ayé.

Ìwé àdéhùn ní kí wọ́n gbin igi ẹgbẹ̀ta sí abala kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí erùpẹ̀ bá ti padà sí i. Ọ̀gá Ewé ra igi ẹgbẹ̀ta, igi wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá dúdú, irú èyí tí àwọn olùtọ́jú igi máa ń tà. Wọ́n kó wọn dé. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá wọn. Ọ̀gá Ewé sáré jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni rí i tó sáré lọ́dún yẹn.

"Ẹ dúró, ẹ dúró! Ta ló ní kẹ́ ẹ ya ọ̀rá?"

Ìyá Erùpẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ká gbìn wọ́n. Igi kì í mu omi gba inú ọ̀rá."

"Ìyá Erùpẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ máa ń lo orí yín díẹ̀. Tá a bá ya ọ̀rá, ṣé wọ́n á ṣeé kó mọ́?"

"Ibo la tún fẹ́ kó wọn lọ?"

Ọ̀gá Ewé rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú òpè. Ó ní kí wọ́n ri ọ̀rá mọ́lẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n fi erùpẹ̀ díẹ̀ bo ẹnu rẹ̀. "Igi ni olùbẹ̀wò ń bọ̀ wá wò. Kò wá wo gbòǹgbò."

Lóòótọ́, olùbẹ̀wò ìgbà yẹn, tó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọdún kẹta tó pé, kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Eruku funfun ń bà á lẹ́rù nítorí aṣọ rẹ̀. Á jókòó sẹ́yìn gíláàsì, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́," á sì máa lọ. Báyìí ni igbó náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Wọ́n rì í sí Abala Kìíní, olùbẹ̀wò wò ó. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn wọ́n hú u, wọ́n rì í sí Kejì, ó tún wò ó. Wọ́n gbé e dé Kẹta. Lórí ìwé Ọ̀gá Ewé, igi ti di ẹgbẹ̀sán. Nílẹ̀, ẹgbẹ̀ta náà ni, tí ìyà ti jẹ wọ́n, tí ewé wọn ti fẹ́lẹ́ bí etí ewúrẹ́ tí ebi ń pa. Bí ọjọ́ à ń kó igi bá pé, àwọn òṣìṣẹ́ á máa pa ara wọn lẹ́rìn-ín: "Ẹ bá wa gbé ẹrù o, igbó ń kó lọ sílé tuntun!"

Erùpẹ̀ wá ńkọ́? Erùpẹ̀ wà nínú òkìtì rẹ̀. Ọ̀gá Ewé ní tipá kò ráyè. Òkúta ni tipá wà fún, ilé iṣẹ́ tó ń lọ òkúta ń pariwo, dísẹ́ẹ̀lì kò sí láti fi kó ilẹ̀ kiri. Kòtò Abala Kìíní ti kún fún amọ̀, ó pupa, ó le, ó sán bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Gbogbo Sátidé ni ẹ̀gbọ́n ń wá sí ẹ̀gbẹ́ wáyà tó yí ibi iṣẹ́ ká, á fi ọkọ́ kọ́ èjìká.

"Àbúrò mi, mo wá wo oko mi o."

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Oko dà?"

"Ó ń bọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó ń bọ̀? Ṣé mọ́tò ló wọ̀ ni? Wọ́n ń pè ọ́ ní Ìyá Erùpẹ̀, ìyá tí kò rí ọmọ ẹ̀ kó bọ̀ wálé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí àwọn tipá ń gbà, ó sì ń wò wọ́n. Ohun tó wà níwájú gbogbo wọn láti ọjọ́ yìí, òun ló kọ́kọ́ rí i: tipá tó bá gbé òkúta lọ sí ilé iṣẹ́, òfìfo ló ń bá bọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ náà sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì erùpẹ̀, ó tún kọjá lẹ́bàá Abala Kìíní kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Òfìfo ni wọ́n ń gbé kiri láti ọdún méjì.

Ó dá awakọ̀ kan dúró, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí kò sí ohun tó lè mú un sáré, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ìyàwó.

"Jẹ́jẹ́, tó o bá ń bọ̀, yà níbí. Katapílà kékeré á bu erùpẹ̀ sí i fún ọ. O máa dà á sí Abala Kìíní bó o ṣe ń kọjá."

"Ìyá Erùpẹ̀, ṣé Ọ̀gá mọ̀ sí i?"

"Ọ̀gá ní tipá kò ráyè. Ṣé òfìfo náà kò ráyè ni?"

Jẹ́jẹ́ rò ó jẹ́jẹ́, ó ní, "Òfìfo ráyè."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn awakọ̀ yòókù dara pọ̀. Ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, erùpẹ̀ ń padà díẹ̀díẹ̀ láti ìhà ọ̀dọ̀ ọ̀nà. Ìyá Erùpẹ̀ á fi ọ̀pá rẹ̀ wọn bó ṣe jìn, ìgbọ̀nwọ́ kan géérégé, á ní kí wọ́n má fi táyà tẹ ibi tí wọ́n bá ti tẹ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí òjò dé, ìdajì Abala Kìíní ti dúdú. Ẹ̀gbọ́n dé lẹ́bàá wáyà, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Fún ọkùnrin yẹn, dídákẹ́ tó ìyìn.

Àmọ́ mo fẹ́ràn kí n máa sọ òótọ́, àṣìṣe kan wà níbẹ̀, Ìyá Erùpẹ̀ ló sì ṣe é. Ó ka ìwọ̀n erùpẹ̀, ó ka jíjìn rẹ̀, ó ka táyà, kò rántí ìgbálẹ̀. Tipá tó da erùpẹ̀ dúdú tán kì í gbálẹ̀ inú rẹ̀ kó tó lọ gbé òkúta funfun. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ òkúta kọ lẹ́tà: ìdọ̀tí dúdú wà nínú jípúsọ́mù yín, àjà tá a fi ṣe ń ní àbàwọ́n lójú bíi tàdáwà. Lẹ́tà yẹn ni Ọ̀gá Ewé fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tó jẹ́ máníjà sí. Ó pe Ìyá Erùpẹ̀ sínú òtútù ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń fi tipá mi kó ìdọ̀tí?"

"Erùpẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ó wà nínú ètò yín níbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́ sí ògiri. "Ibi tẹ́ ẹ kùn yẹn. Ìgbálẹ̀ kan báyìí nínú tipá kọ̀ọ̀kan ti tó, kò ní sí—"

"Ètò wà fún àwọn olùbẹ̀wò. Tipá wà fún òkúta. Ẹ má tún jẹ́ kí n rí i."

Bí wọ́n ṣe dá iṣẹ́ dúró nìyẹn, ìdajì dúdú, ìdajì pupa, bí aṣọ tí télọ̀ sá fi sílẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ìjọba dé pé olùbẹ̀wò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an láti wá fọwọ́ sí Abala Kìíní. Kíá, igbó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Kìíní, wọ́n rì í sórí dúdú, wọ́n rì í sórí pupa, ọ̀rá tòun ti igi. Olùbẹ̀wò kò dé. Wọ́n ní èyí tí kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń wá ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di oṣù méjì àtààbọ̀. Òjò ń rọ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀gá Ewé kò jáde wo igi kankan. Bàtà rẹ̀ kò fẹ́ ẹrẹ̀.

Ìyá Erùpẹ̀ ni ó ń wò wọ́n. Ó rí i pé àwọn tó wà lórí dúdú ti ń nà, ewé wọn ń tàn. Àwọn tó wà lórí pupa ń jókòó sínú ọ̀rá wọn bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka wa ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan lórí dúdú. Ọ̀rá náà ti ya. Gbòǹgbò ti gba ìdí rẹ̀ jáde, ó ti wọlẹ̀ lọ. Ó fi erùpẹ̀ bò ó padà jẹ́jẹ́ bí ẹni bo ọmọ tó ń sùn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Olùbẹ̀wò tuntun wá kọ̀wé. Obìnrin ni. Ó ní òun á wo Abala Kìíní àti Kẹta lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ò rí bí ojú Ọ̀gá Ewé ṣe rí. Igbó kan, abala méjì, ọjọ́ kan! Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ máa ń mọ ọgbọ́n. Ó ní kí wọ́n fi Kìíní hàn án láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún un ní oúnjẹ, oúnjẹ tó pọ̀, tó pẹ́, kí akọ̀wé máa gbé e wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́, Ìyá Erùpẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ á hú igi, wọ́n á kó wọn lọ sí Kẹta. Òkè amọ̀ dí ojú fèrèsé yàrá oúnjẹ, kò ní rí nǹkan kan.

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú wọn," Ọ̀gá Ewé sọ fún un. "Ẹ má sì sún mọ́ olùbẹ̀wò. Ẹnu yín gùn jù."

Ọjọ́ pé. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ṣọ́bìrì kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Ewé wo ṣọ́bìrì náà bí ẹni tó rí ejò. Ó yára mú un gba ọ̀nà ìhà dúdú, nítorí ibẹ̀ ni ewé ti tutù jù. Obìnrin náà fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, ó wọlé. Ó bu erùpẹ̀, ó fọ́ ọ lọ́wọ́, ekòló kan ń jó níbẹ̀.

"Ta ló tọ́jú erùpẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, Mà," Ọ̀gá Ewé dáhùn láìfọwọ́ kan ekòló. "Ètò mi ni."

"Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Tá a bá jẹun tán, màá fọwọ́ sí i."

Ìyá Erùpẹ̀ wà lókèèrè níbi tí wọ́n ní kó dúró sí, àmọ́ ohùn obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ òun ni wọ́n fẹ́ fi fọwọ́ sí irọ́! Nítorí ìdajì tó dára, ìdajì tó kú máa kú pátápátá.

Mọ́tò gbé olùbẹ̀wò lọ síbi oúnjẹ. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Erùpẹ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sórí pupa lákọ̀ọ́kọ́. Igi wọ̀nyí ń jáde bí ife tí wọ́n gbé lórí tábìlì; ihò mímọ́ rogodo ló ń kù sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ wáyà, ẹ̀gbọ́n fi ọkọ́ tilẹ̀.

"Igbó ń lọ? Ẹ bá mi kí i o. Ẹ ní kó kí àwọn ará ilé."

Ìyá Erùpẹ̀ kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ lórí pupa, tipá Jẹ́jẹ́ ti kún dé ìdajì, ó ní kí wọ́n bọ́ sórí dúdú. Òṣìṣẹ́ kan gbá igi mú, ó fà á. Igi kò mira. Ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, ó tún fà á. Ewé ló já sí i lọ́wọ́. Ẹlòmíràn gbìyànjú, ó fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Erùpẹ̀.

Ó gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, tìhà ọ̀nà kò fẹ́ lọ o."

Ohùn Ọ̀gá Ewé wá wúyẹ́wúyẹ́, ó hàn pé ó bo ẹnu. "Kí ni ò fẹ́ lọ?"

"Igi. Ó ti ta gbòǹgbò."

"Kí ló gbà á láyè? Ẹ fi àdá gé e!"

Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbi iṣẹ́ náà, ohun tí ọ̀gá bá ní kó ṣe ló ń ṣe, àfi kó bú awakọ̀ katapílà. Ó wo ìdí igi náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mi ò ní gé e, Ọ̀gá."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní mi ò ní gé e. Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú ohun tó mú un."

"Tẹ́ ẹ bá ti wí bẹ́ẹ̀, ẹ kó ẹrù yín lónìí!"

"Màá kó o. Ẹ wá gé e fúnra yín kí n tó lọ."

Ó sọ àdá náà nù lọ sínú koríko, ó sì jókòó lé orí dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé kan.

Ọ̀gá Ewé sọ fún olùbẹ̀wò pé tẹlifóònù ń pe òun. Ó wá tìbínú-tìbínú, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà tó ń dán. Kò rí àdá. Ó ní, "Igi lásán-làsàn!" ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀kan mú. Ó fà á, ojú rẹ̀ wú. Ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni tó ń bá igi náà ja ìjàkadì, ó sọ ìdí sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ ọ̀tún wọ ẹrẹ̀, kò sì bá a jáde. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó gbá igi mọ́ra, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń já omi. Kò sì ní lè fi igi sílẹ̀ mọ́ o, nítorí òun ló mú un dúró.

Ẹ̀gbọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọdún mẹ́ta ni. Ó di wáyà mú, ó ń rín, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, Jẹ́jẹ́ fi fèrè tipá bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀rín náà fo òkè amọ̀, ó gba fèrèsé wọ yàrá oúnjẹ. Olùbẹ̀wò, tí oúnjẹ ti sú níbi àwo kẹrin, ní òun fẹ́ lọ wo ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó bá wọn níbẹ̀.

"Máníjà, kí lẹ ń fi igi yẹn ṣe?"

Ọ̀gá Ewé kò jẹ́ kí igi lọ. "À ń… à ń dá wọn lára yá ni, Mà."

Obìnrin náà wo tipá tó kún fún igi. Ó wo ihò tó ń lọ bí ọ̀ọ́dúnrún lórí amọ̀ pupa, rogodo rogodo. Igi díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Ó rìn lọ, ó fi ìka méjì gbé ọ̀kan, ọ̀rá dúdú rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ó fi ṣọ́bìrì gbá amọ̀. Ṣọ́bìrì dún gbáń.

"Erùpẹ̀ ibí dà?"

Ẹ̀gbọ́n ti ẹ̀gbẹ́ wáyà pariwo pé, "Ẹ bi ẹni tó jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù! Àbúrò mi ni. Òun ni ìyá ẹ̀."

Olùbẹ̀wò bi í. Ìyá Erùpẹ̀ dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀: òkìtì tó kù, òfìfo tipá, lẹ́tà ilé iṣẹ́. Kò yọ tirẹ̀ kúrò. "Àbàwọ́n inú òkúta yẹn, ẹ̀bi mi ni, Mà. Mi ò fi ìgbálẹ̀ sínú tipá."

"Ìgbálẹ̀ ló dá gbogbo iṣẹ́ yìí dúró?"

"Ìgbálẹ̀ ni, Mà."

Obìnrin náà jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù kejì, ó gbé ìwé lé orúnkún. Ó kọ pé ìdajì Abala Kìíní ti padà, ìdajì kò tíì padà. Ó kọ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣí abala tuntun kankan títí ìdajì tó kù á fi gba erùpẹ̀ rẹ̀. Pé tipá kankan kò gbọdọ̀ bọ̀ lófìfo. Pé ìgbálẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo wọn. Àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ ya ọ̀rá. Ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ẹni tí á máa bojú tó o, Ọ̀gá Ewé sì na ọwọ́ kan sókè. Obìnrin náà ní, "Ẹ kọ́kọ́ yọ bàtà yín nínú ẹrẹ̀."

Ìyá Erùpẹ̀ kò kó ẹrù o. Kí òjò yẹn tó dá, erùpẹ̀ tó kù ti padà. Ẹ̀gbọ́n wọ inú oko náà, ó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bu erùpẹ̀ dání, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, oko yín rèé."

"Mo rí i. Apá ibẹ̀ yẹn kò tẹ́jú dáadáa."

"Bọ̀ọ̀dá!"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ọwọ́ ẹ ni mo ti gbà á." Ó yíjú sẹ́yìn kíá, ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni o, eruku wo?

Ní ti Ọ̀gá Ewé, wọ́n gbé e lọ sí olú ọ́fíìsì, níbi tí ilẹ̀ kankan kò sí fún un láti bàjẹ́. Wọ́n ní òdòdó rọ́bà kan wà lórí tábìlì rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí àárọ̀ tí kì í bomi rin ín.

Jẹ́jẹ́ awakọ̀ tipá, ọkọ àbúrò ìyá mi, ló sọ ọ́ fún mi, ó fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan sọ ọ́, torí kò sí ohun tó lè mú un sáré. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìjókòó tipá náà. Mo ti fojú ara mi rí i.